Ọdún Tí Adétutù Fẹ́ra Kù

Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí Adétutù sọ fún pé òun ti fẹ́ra kù. Ìdí ààrò ẹja ni a wà, lẹ́yìn ilé wọn, níbi tí pákó ti yọ jáde sórí omi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé ẹja tó wà lórí ààrò lè gbọ́, ó wá fi ẹnu kàn mí létí.

"Moríkẹ́, oṣù kẹta rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù mi."

Mo ju ẹja ọwọ́ mi sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn. Kò sọ sí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì lọ́kàn láti ka iye ọdún tó wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣirò náà kò le. Ọdún tí àrùn lùkúlùkú pa ènìyàn nílé lóko, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, ni wọ́n gbé èmi àti òun wá sí Òbè-Jọọlá, ìyàwó fún ọkùnrin méjì nínú agboolé kan náà. Ogun Hítílà sì ti parí ní ọdún méjì kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ṣìkẹ́mi, àkọ́bí rẹ̀, ti wà nílé ọkọ ní Igbókòdá, ó sì wà nínú oyún tirẹ̀. Ìyá àti ọmọ fẹ́ jọ gbé omi ọmọ kaná. Mo ní, "Ọlọ́run tóbi." Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

A fẹnu kò pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ rẹ̀ ti mọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn tí kò tíì gbọ́ ní Òbè-Jọọlá ni àwọn tó wà lójú òkun tí wọn ò tíì dé. Èmi kọ́ ni mo tú u o. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo sọ fún, òun náà sì ti búra fún mi.

Ògúnlànà, ọkọ Adétutù, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ó gbọ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ó wọ́ igi gbọọrọ mẹ́jọ bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbì, gbì, gbì. Ilé wa kò sí lórí ilẹ̀, òpó ló gbé e, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi yàrá kan kún ilé rẹ̀ á kọ́kọ́ ri òpó mọ́ inú ẹrẹ̀, gbogbo abúlé ni yóò sì gbọ́.

Àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ á dá àjẹ̀ dúró. "Kí lẹ ń kọ́, Bàbá Ṣìkẹ́mi?"

"Yàrá."

"Ti ta ni?"

"Ti ẹni tó ń bọ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kí i kú oríire, wọ́n á sì tukọ̀ lọ wàrà kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n á ti rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ní àkókò yẹn, èmi náà ní wàhálà tèmi, àmọ́ n kò mọ orúkọ rẹ̀. Láídì, ìyàwó ọmọ mi, ni mo pè é. Bí mo bá ń jẹun, òógùn á bò mí láti àtàrí dé àyà, màá ní ata Láídì ló pọ̀ jù. Bí n kò bá rí oorun sùn, màá ní Láídì ló ń rìn gìrìgìrì lórí pákó. Ní ọjọ́ kan mo da odindi ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sínú omi. Ọmọ náà dúró, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ náà tún bí mi nínú.

Oyún Adétutù pé oṣù márùn-ún, kò mira. Ó ní bóyá ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé ó lè jọ bàbá rẹ̀. Ó tún di ọjọ́ bíi mélòó kan, mo wò ó lójú, mo rí i pé òun gan-an kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

"Jẹ́ ká lọ bá Ìyá Ṣùáíbù," ni mo wí.

Ilé Ìyá Ṣùáíbù ni ó gbẹ̀yìn pátápátá lórí afárá pákó abúlé wa. Wòsílátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Ní ìgbà ayé ọkọ rẹ̀, òun ló ń kó ẹja yíyan láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọjà Èjìnrìn, ó mọ gbogbo ọ̀sà yẹn bí ẹni mọ inú yàrá ara rẹ̀. Nígbà tí apá rẹ̀ kò gbé ọ̀nà jíjìn mọ́, ó jókòó ti ìgèrè híhun, ìyẹn agbọ̀n tí a fi ń dẹ ẹja. Ó tún máa ń gbẹ̀bí. Kò sí ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún un, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jókòó tì í pẹ́, nítorí ojú rẹ̀ ríran jù, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi.

A bá a tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun ọ̀sán tán, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. A kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọge," ó ní. "Pákó yẹn kò lágbára. Kí ni mo gbọ́ pé Ògúnlànà ń rì mọ́ omi láti àárọ̀ di alẹ́? Ẹja ti sá kúrò lábẹ́ ilé mi."

Adétutù rọra sọ tẹnu rẹ̀. Ìyá Ṣùáíbù kò fọwọ́ kàn án níkùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń hun ìgèrè lọ.

"Ṣé ọmọ náà máa ń mú kí ara rẹ gbóná lójijì, bí ẹni wọ inú ààrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Tí wàá wá tutù, tí wàá máa wá aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó máa ń ṣe ọ́ bíi kí o sunkún, láìsí ẹni tó bú ọ?"

Adétutù wò mí. "Ní àná, mo sunkún nítorí ewúrẹ́ kan tó ń wò mí."

"Hùn-ún." Ó yí ojú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, Moríkẹ́? Tìrẹ ti pé oṣù mélòó?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò lóyún, Ìyá."

"Kí ló wá dé tí o fi ń fi ìdérí ìgèrè mi fẹ́ra láti ìgbà tí o ti jókòó? Atẹ́gùn òkun ń fẹ́, èmi àgbàlagbà da aṣọ bora."

Mo wo ọwọ́ mi. Ìdérí ìgèrè ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. N kò mọ ìgbà tí mo mú un. Mo gbé e kalẹ̀, ojú tì mí. Ẹnu mi wá ya, mo sọ ti oorun tí n kò sùn àti ti ọbẹ̀ tí mo dà sómi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ara Ìyá Ṣùáíbù ń mì. Nígbà tí mo dé ibi ìkòkò ọbẹ̀, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìborùn nu ojú.

"Alháńdùlíláhì! Ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà! Ìkan gbé e sí ikùn, ìkejì gbé e sí orí Láídì. Ẹ gbọ́ mi. Adétutù, kò sí ọmọ níbẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ ló ti dá. Àgbà ló wọlé sí ọ lára. Ti Moríkẹ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn, òun rò pé ata ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo ọ̀rẹ́ mi. Adétutù tẹjú mọ́ omi tó wà láàárín pákó méjì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò gbé ọwọ́ nù ún.  Ìyá Ṣùáíbù kò sọ pé kó má sunkún. Ó dìde, ó bu púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, àti ẹja gbígbóná wá, ó gbé e síwájú wa, ó jókòó ti Adétutù, èjìká kan èjìká.

Adétutù ń fi ìka yọ egungun ẹja, ó wá sọ̀rọ̀. "Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ́lẹ́wà ni mo pè é. Ilé yẹn ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí Ṣìkẹ́mi ti lọ, Ìyá. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ń yan ẹja."

"Kí lẹ máa ń sọ?"

"Kò sí nǹkan kan. Iye ẹja. Ìwà bàbá rẹ̀."

"Ó tó ohun tí ènìyàn ń sunkún sí," Ìyá Ṣùáíbù wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, kò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i.

Lẹ́yìn tí a jẹun ni ó sọ tirẹ̀ fún wa. Nígbà tí nǹkan oṣù tirẹ̀ dá, kò lóyún, ọ̀tá ló rí. Ó ní orogún òun, ìyẹn ìyàwó tí ọkọ òun fẹ́ tẹ̀lé òun, ló fi oògùn di òun nínú. Ó pe ẹbí jọ, ó fẹ̀sùn kàn án lójú gbogbo ayé. Ó mu àgbo títí eyín rẹ̀ fi dúdú. Àfi ìgbà tí ìyá arúgbó kan tó ń ta iyọ̀ ní Èjìnrìn bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, tó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ wá ṣe, Ìyá?" mo bi í.

"Kí ni mo lè ṣe? Mo tukọ̀ padà sílé, mo kúnlẹ̀ fún orogún mi náà, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù lọ. Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí mo bá ti fajú ro díẹ̀, á ní, 'Ìyá Ṣùáíbù, ṣé mo ti tún dì yín ni?' Ọ̀rẹ́ tó dára jù tí mo ní láyé nìyẹn. Ìtìjú mi ló bí i."

Adétutù fi imú fa omi. "Kí ni màá wá sọ fún Bàbá Ṣìkẹ́mi? Ó ti fẹ́ bo yàrá náà."

Èmi ni mo yára dáhùn, kí n má purọ́. "Sọ pé oyún náà bàjẹ́. Ó máa ń bàjẹ́ lára ènìyàn. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan, wọ́n á sì máa ṣàánú rẹ."

Ìyá Ṣùáíbù tẹjú mọ́ mi, mo ronú pé ó fẹ́ ju ìgèrè lù mí. "Moríkẹ́, o ti da ọbẹ̀ sómi, má da ọ̀rẹ́ rẹ sí i. Ọmọ tí kò sí, bí o bá sọ pé ó kú, wàá máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́, ọkọ rẹ náà á sì máa bá ọ ṣe é, ẹ ò sì ní lè sọ fún ara yín pé kò sí òkú. Adétutù, sọ ọ́ bó ṣe rí. Sọ ọ́ ní ọ̀sán. Má sọ ọ́ nígbà tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ̀, egungun ẹja kì í ṣeré."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Adétutù fi sọ pé ọ̀la ni òun máa sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, Ìyá Ṣùáíbù gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí abẹ́ ilé wọn, ó so ó mọ́ òpó tuntun, ó ní òun kò bá ti ẹnikẹ́ni wá, ibòji yàrá yẹn ló wu òun láti hun ìgèrè nínú rẹ̀. Èmi jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lókè orí wa, Ògúnlànà wà lórí àjà, ó ń so ewé ọ̀pẹ mọ́ òrùlé. Adétutù jáde, ó dúró ní ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi."

"Hẹn."

"Ẹ fi okùn yẹn sílẹ̀ ná."

"Ó kù díẹ̀."

"Kò sí ọmọ."

Okùn bọ́ láti òkè, ó gba àlàfo pákó, ó balẹ̀ sí orí mi. N kò mira. Ìyá Ṣùáíbù ń hun ìgèrè rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò létí.

"Kò sí ọmọ nínú mi," Adétutù tún sọ. "Kò sígbà kankan tó wà níbẹ̀. Mo ti dàgbà ni. Mo ṣì í mú. Ẹ máà bínú."

A gbọ́ tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. A gbọ́ tí ó jókòó lórí pákó. Láti àlàfo pákó mo rí i tí ó ṣí fìlà, tí ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.  N kò rí Ògúnlànà kó sunkún rí, àní nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Ẹ̀rín ni. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn, títí tó fi di pé kò lè mí dáadáa.

"Adétutù," ó ní nígbà tí ó rí ẹnu sọ̀rọ̀, "láti oṣù mẹ́ta n kò rí oorun sùn. Mo ń ṣírò. Kí ọmọ yìí tó lè mú àjẹ̀, màá ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ta ni ó máa mú un lọ sójú omi? Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, mi ò tíì sọ fún ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbogbo òpó tí mo ń rì yẹn, ẹ̀rù ló ń rì í. Mo ní bí n kò bá jókòó, n kò ní ráyè ronú."

Ohun tí mo retí ni pé kí Adétutù náà rẹ́rìn-ín. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jọ̀wọ́ etí aṣọ rẹ̀.

"Ẹ ò fẹ́ ọmọ mi?"

"Ọmọ wo? O ní kò sí ọmọ."

"Bí ó bá wà ńkọ́? Ẹ ò bá máa wo ojú rẹ̀, kí ẹ máa ka ọdún?"

Ó wọlé, ó gbá ilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi dáná fún un. Nílé mi ni Ògúnlànà ti jẹun, ọbẹ̀ Láídì ló jẹ, ó sì yìn ín lójú mi. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Ṣùáíbù pé ìmọ̀ràn rẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀, ó ní ìjà lórí òtítọ́ kì í ba òun lẹ́rù, pé kí n lọ wò wọ́n ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹta mo lọ wò wọ́n. Wọ́n jókòó sí iwájú ilé, Adétutù ń fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún kan lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, nítorí ojú ọkùnrin náà kò ríran tó, ó sì ń bú u pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ní ti yàrá, Ògúnlànà bò ó tán, ó kó àwọ̀n rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá bi í léèrè ẹni tó ń bọ̀, á ní ó ti dé, àwọ̀n ni.

Ọ̀rọ̀ wá ku èmi. Ìyá Ṣùáíbù kò jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á bi mí pé báwo ni Láídì. Màá ní ó wà. Á ní ṣé mo ti sọ fún un. Màá ní ìyá ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé. Á ní òun kò sọ pé kí n kúnlẹ̀, òun sọ pé kí n la ẹnu, ṣé eékún ni mo fi ń sọ̀rọ̀ ni?

Ní àárọ̀ kan, mo bá Láídì níbi tó ti ń gún ata. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó gùn, ó sì ní ọlá nínú. Ohun tó jáde ni, "Kì í ṣe ata rẹ. Ara mi ló ń gbóná. Ó ń ṣe obìnrin bẹ́ẹ̀ tó bá dàgbà."

Ó dá ọmọ odó dúró. "Mo mọ̀, Ìyá."

"O mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ìyá mi ní ọdún tó kọjá. Òun tilẹ̀ fọ́ ìkòkò ni. Mo ti ń dín ata yín kù láti ìgbà yẹn, ẹ ò fura."

 Mo ní kó fi ata sí i dáadáa nígbà náà, pé ọbẹ̀ náà ti ń tẹ́ lẹ́nu. Ó yí ojú sápá kan kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. N kò sọ èyí fún Ìyá Ṣùáíbù. Kò pé ọjọ́ méjì tó fi gbọ́.

Nígbà tí òjò dá, Ìyá Ṣùáíbù ní kí èmi àti Adétutù wá tukọ̀ gbé òun lọ sí Aráròmi. Ó ní òun fẹ́ ta ìgèrè. Ìgèrè mẹ́rin péré ló kó sínú ọkọ̀. A jí kùtùkùtù, a tukọ̀ títí oòrùn fi là, ó sì jókòó láàárín, ó ń bú ọwọ́ tí a fi ń tukọ̀. Ó ní Adétutù ń fi àjẹ̀ ro ọbẹ̀, ó ní èmi ń fi tèmi lu omi bí ẹni tí omi ṣẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí a wà, kò sí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà lórí iná. N kò rántí ìgbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi kẹ́yìn. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀ rí.

Ìgèrè tà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó wá mú wa kọjá ẹ̀yìn àwọn ilé, lọ sí etí òkun gan-an, níbi tí ìgbì ti ń wọ́ iyanrìn. Ó ní kí a tú gèlè, kí a jókòó sínú omi.

"Pẹ̀lú aṣọ, Ìyá?" ni Adétutù bèèrè.

"Aṣọ máa gbẹ. Ẹ jókòó. Láti ọdún tí wọ́n ti gbé yín wá sílé ọkọ, ara yín kò ṣiṣẹ́ fún yín rí. Ọkọ, ọmọ, ẹja. Ó ti fún gbogbo wọn tán. Ó fẹ́ sinmi díẹ̀, ẹ̀yin ń wá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí omi gbé e fún yín."

A jókòó. Ìgbì kan dé, ó tutù débi pé mo pariwo. Èkejì dé, ó dojú Adétutù bolẹ̀, ó yí i bí ẹni yí ẹja nínú iyọ̀, ó gbé gèlè ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó dìde, iyanrìn kún irun rẹ̀, irun náà ti funfun ju bí mo ṣe mọ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n gbé sọ sókè. Mo lépa gèlè náà, n kò bá a. Ìgbì bá èmi.

Ìyá Ṣùáíbù ti jókòó sórí iyanrìn gbígbẹ, ó na ẹsẹ̀, ó ń jẹ ẹja yíyan tí ó mú bọ̀ láti ilé. Nígbà tí ó yá, ó ké sí wa pé kí a dìde, oòrùn ti yí, ọ̀nà jìn, ìrun Alásárì sì ti tó. A ní a ti gbọ́. A kò dìde. Ó tún ké sí wa, ó ní òun kò ní dúró de àwọn ọmọ aláìgbọràn. Ó ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí iyanrìn, ó kí ìrun rẹ̀ láìkánjú. Nígbà tí ó sálámà tán, ó wò wá, a ṣì wà nínú omi, ó jókòó padà.